ILẸ̀KÙN TÍ WÒLÍÌ NÍ KÍ OPÓ NÁÀ TÌ

(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ níbi ìdúpẹ́ ogún ọdún Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù wa)

  

Nígbà tí kọmítì ní kí n sọ̀rọ̀ lónìí, ó dà bíi pé ìṣirò owó ni wọ́n rò pé mo máa kà. Akápò ti ṣe ìṣirò owó dáadáa, ó wà nínú ìwé yìí, ẹ óò rí i kà. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ti ẹsẹ Bíbélì méje péré tí mo ti ń kà láti kékeré, tí mo rò pé mo ti mọ̀ tán, àfi ìgbà tí wọ́n wá bá mi wí lẹ́yìn tí mo ti dàgbà. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó wà láàrin wa, ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ gbèsè wà nínú rẹ̀, gbèsè kò sì mọ ìyàtọ̀ láàrin ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí.

Ìtàn náà wà nínú Ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí kẹrin, láti ẹsẹ kìíní dé ìkeje. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnu ara mi sọ ọ́. Obìnrin kan wà tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wòlíì. Ọkọ kú, ó fi gbèsè sílẹ̀. Olówó dé, ó fẹ́ kó ọmọkùnrin méjèèjì tí obìnrin náà bí lọ ṣẹrú. Ó bá sá tọ wòlíì Èlíṣà lọ. Wòlíì bi í pé kí ló kù nílé. Ó ní kò kù nǹkan kan, àfi òróró díẹ̀. Wòlíì ní kó káàkiri àdúgbò, kó lọ tọrọ ìkòkò òfìfo, kó sì jẹ́ kó pọ̀. Kó wá wọlé tòun tọmọ, kó ti ilẹ̀kùn, kó máa da òróró náà. Ó ń dà, àwọn ọmọ ń gbé ìkòkò fún un. Ìgbà tí ìkòkò tán ni òróró tó dá. Wòlíì ní kó lọ tà á, kó fi san gbèsè, kóun àtàwọn ọmọ rẹ̀ sì máa fi èyí tó kù jẹun. Ó parí.

Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. A fi ṣeré níwájú ìjọ nígbà ìkórè. Èmi ni wọ́n fi ṣe ọmọ kejì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé obìnrin ni mí, torí pé àwọn ọmọkùnrin kò pé. Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa gbé igbá òfìfo wọlé, kí n máa sọ pé, "Màmá, ó ti tán." Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Ohun tí mo mọ̀ nínú ìtàn náà nígbà yẹn kò ju iṣẹ́ ìyanu lọ: òróró díẹ̀ di púpọ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì yẹ kó rí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Bíbélì wà lọ́wọ́ mi nígbà yẹn, àmọ́ àkísà ni mi ò tíì ní.

Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ òwò. Gbogbo yín mọ̀ pé epo pupa ni mò ń tà. Ẹ̀yin tí a jọ wà nídìí epo mọ̀ bó ṣe ń rí: láàrin oṣù kejì sí ìkarùn-ún, ẹyìn pọ̀, epo máa ń rọ̀jú. Ẹni tó bá ní owó á rà á pamọ́, á máa retí ìgbà tó máa wọ́n. Ọdún 1998 ni, a lọ ṣe àìsùn. Wọ́n wàásù lórí ìtàn opó yìí. Ibi tí wòlíì ti ní kí ìkòkò pọ̀ ni mo dì mú. Mo ní, "Olúwa, mo gbà á." Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an mo lọ yá owó èlé. Mo háyà kẹ́ẹ̀gì, mo háyà mọ́tò, mo lọ kó epo wá láti apá Òkìtìpupa. Mi ò bi ẹnikẹ́ni, mi ò tọ́ epo náà wò dáadáa. Kẹ́ẹ̀gì tó pọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ti da nǹkan mọ́. Kó tó di pé epo wọ́n, tèmi ti kan.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi san gbèsè yẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo bínú sí Ọlọ́run díẹ̀, kí n má purọ́. Mo ní, ṣebí mo gbàgbọ́? Ó pẹ́ kí n tó rí i pé kì í ṣe Bíbélì ló tàn mí. Obìnrin inú Bíbélì fi òróró jáde kúrò nínú gbèsè, èmi fi epo wọ inú gbèsè. Mo mú ẹsẹ tó dùn, mo fo èyí tó korò. Ẹsẹ kìíní ti sọ pé gbèsè ló fa gbogbo ẹkún yẹn, ẹsẹ kẹta ni mo ti bẹ̀rẹ̀ kíkà tèmi.

Ọdún 2009 ni bàbá àwọn ọmọ mi kú. Ènìyàn dáadáa ni. Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì tí a sin ín tí ọkùnrin kan gbé ìwé wá bá mi nílé, ó ní ọkọ mi jẹ òun lówó. Mo wo ìwé náà, ọwọ́ ọkọ mi ni wọ́n fi kọ ọ́. Mi ò mọ̀ sí i rárá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àdúgbò ti gbọ́. Àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé, "Àṣé báyìí ni bàbá yẹn rí, tó ń dá ìdámẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Lóru ọjọ́ yẹn mo ṣí Bíbélì. Mi ò wá ìtàn opó yìí lọ, àmọ́ ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ṣí sí, torí ibẹ̀ ti gbó nínú Bíbélì mi. Ohun tí mi ò rí rí ni mo rí. Nígbà tí opó náà dé ọ̀dọ̀ wòlíì, ó ní ọkọ òun ti kú, kó sì tó dárúkọ olówó, ó ní ọkọ òun bẹ̀rù Ọlọ́run, pé wòlíì fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wòlíì kò jiyàn. Ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run ni, síbẹ̀ ó kú tòun ti gbèsè lọ́rùn. Bíbélì kọ méjèèjì pa pọ̀ sínú ẹsẹ kan náà, ojú kò tì í. Mo sunkún, ẹ̀yìn náà ni mo sùn. Ó tó ọjọ́ mẹ́rìnlá tí mi ò ti sùn bẹ́ẹ̀.

Mo tún wá mọ bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yẹn ṣe wúwo tó. Ìyá ìyá mi máa ń sọ fún wa nípa ìwọ̀fà. Ẹni tó bá yáwó láyé ìgbà yẹn lè fi ọmọ rẹ̀ sílé olówó, kí ọmọ máa sìn ín. Iṣẹ́ tí ọmọ bá ṣe, èlé ni, kò dín owó kù rárá. Títí dìgbà tí wọ́n bá san ojú owó, ilé olówó ni ọmọ wà. Wọ́n sì máa ń dógò ti onígbèsè: olówó á rán ènìyàn wá jókòó sí ojúde rẹ̀, á máa pariwo, á máa bú u, kí ìtìjú lè mú un san án. Àwọn ará ilé wa kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìtàn opó yìí fún wọn. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther náà kò nílò rẹ̀. Ọdún 1821 ni wọ́n kó òun àti ìyá rẹ̀ lẹ́rú ní Ọ̀ṣoògùn, ọdún 1846 ló tó tún fojú kan ìyá yẹn ní Abẹ́òkúta. Òun ló ṣáájú iṣẹ́ títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, tí odidi rẹ̀ jáde ní 1884. Nígbà tí mo bá ka ọ̀rọ̀ náà "ẹrú" nínú Bíbélì Yorùbá, mo máa ń rántí pé ọwọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ náà mọ ọ̀rọ̀ yẹn lára.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe bọ́ nínú ti ọdún 2009 yẹn, torí pé ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ mi wà. Ẹgbẹ́ yìí ló yọ mí. Alága wa ìgbà náà wá sílé mi ní alẹ́, òun àti ìyá kan péré. Wọn kò wá ní ọ̀sán kí àdúgbò má bàa rí wọn. A jókòó sí yàrá, wọ́n ní kí n sọ iye tó jẹ́. Wọ́n bá mi bẹ ọkùnrin náà, ó gbà kí n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹgbẹ́ yá mi ní owó tí mo fi bẹ̀rẹ̀, àwọn méjì náà ló sì ṣe onídùúró fún mi. Nínú mítìn, kò sẹ́ni tó dárúkọ mi. Títí di òní tí mò ń sọ ọ́ yìí, ọ̀pọ̀ nínú yín kò mọ̀.

Ọdún bíi mélòó kan lẹ́yìn náà, ẹ fi mí ṣe akọ̀wé. Ẹ rántí 2016 tí ọrọ̀ ajé orílẹ̀-èdè yìí dẹnu kọlẹ̀. Ọjà kò tà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yáwó, wọn kò rí i san. Nígbà tó di 2018, ó ti sú mi. Mo lọ síbi mítìn gbogbogbò pẹ̀lú ìwé kan. Mo dìde, mo ka orúkọ àwọn tó jẹ ẹgbẹ́ lówó, mo ka iye tí oníkálukú jẹ, mo ka oṣù tó ti jẹ ẹ́. Ohùn mi dún ketekete. Nígbà tí mo dé orí orúkọ kan, ẹni tó ni ín wà níbẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn, ó wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé. Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, ó wá wò mí. Mo ka orúkọ tó tẹ̀lé e.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn inú mi dùn, mo ní owó á jáde báyìí. Owó jáde lóòótọ́ lọ́wọ́ àwọn kan. Àmọ́ obìnrin yẹn kò wá sí mítìn mọ́. Oṣù kan, oṣù méjì, oṣù kẹta. Wọ́n ní ó ti kó ìsọ̀ rẹ̀ lọ sí ọjà mìíràn. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi ni mo fún un ní ẹ̀sín mu.

Ìwé kíkà ojoojúmọ́ ti ṣọ́ọ̀ṣì wa ló tún gbé mi dé ọ̀dọ̀ opó náà. Mo fẹ́ fò ó, mo ní mo ti mọ̀ ọ́n. Mo kà á ṣáá. Nígbà tí mo dé ibi tí wòlíì ti ní kó ti ilẹ̀kùn, ẹnu mi dúró. Ogójì ọdún ó lé ni mo ti ń ka ìtàn yìí, mi ò tíì bi ara mi rí pé kí ló dé tó fi ní kó ti ilẹ̀kùn. Ṣé òróró kò lè pọ̀ ní gbangba ni? Ọlọ́run tó lè sọ ìkòkò kan di púpọ̀, ṣé kò lè ṣe é lójúde kí gbogbo ayé pàtẹ́wọ́, bí wọ́n ṣe pàtẹ́wọ́ fún wa nígbà ìkórè?

Ohun tí mo rí ni pé olówó ti mú ọ̀rọ̀ obìnrin náà jáde síta tó. Ó ti káàkiri àdúgbò pẹ̀lú ìtìjú láti tọrọ ìkòkò. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta epo, ẹ sọ òótọ́: bí ẹni tí ẹ mọ̀ pé ó jẹ gbèsè bá wá tọrọ kẹ́ẹ̀gì òfìfo lọ́wọ́ yín, ṣé ẹ ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì? Ọlọ́run wá ní ibi tí òun ti fẹ́ ràn án lọ́wọ́, kí ojú má sí níbẹ̀. Òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ nìkan. Àwọn ọmọ tí wọ́n fẹ́ kó lẹ́rú ló ń gbé ìkòkò, wọ́n rí ìyá wọn bó ṣe ń da òróró, wọn kò rí i bó ṣe ń bẹ̀bẹ̀. Ọlọ́run bo obìnrin náà níwájú àwọn ọmọ rẹ̀. Èmi tú aṣọ obìnrin lójú ọmọ tirẹ̀.

Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń wá ibi tí mo wà nínú ìtàn yìí. Mo ti ṣe ọmọ rí, mo ti ṣe opó rí. Lóru yẹn mo rí i pé ẹnì kan kù tí mi ò rò pé mo lè jẹ́ láéláé. Èmi ni olówó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tó sì dùn mí jù ni pé wọ́n ti ti ilẹ̀kùn fún èmi náà rí ní 2009. Mo gbàgbé.

Mo lọ bá obìnrin náà nílé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo lọ kí n tó bá a. Mo kúnlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó yín ni mo jẹ, mi ò ní mi ò jẹ ẹ́. Ọmọ mi ni ẹ jẹ́ kó gbọ́." Mi ò ní èsì. Mo padà wá bá kọmítì, a jókòó lé e lórí, a sì fi í ṣe òfin: a kì í ka orúkọ onígbèsè ní gbangba mọ́. A máa ń pe ẹni náà àti àwọn onídùúró rẹ̀ sí yàrá, a ó ti ilẹ̀kùn, a ó bi í ní ohun tí wòlíì bi opó: kí ló kù nílé? Ibi tí agbára rẹ̀ bá mọ ni ìsanwó rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin náà ti padà sí ẹgbẹ́. Ó ti san owó rẹ̀ pé. Ó ń kí mi, mo ń kí i. Kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀ láàrin wa, mi ò sì lè fi ipá mú un. Kí n tó sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín, mo kọ́kọ́ gbé ìwé rẹ̀ fún un pé kó kà á. Ó fi bírò fa ìlà méjì rẹ́, ó ní èyí tó kù, kí n sọ ọ́. Torí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe máa wo ọ̀tún wo òsì nínú gbọ̀ngàn yìí.

Ẹ̀yin tó jẹ ẹgbẹ́ lówó, ẹ má tíì máa rẹ́rìn-ín. Wòlíì kò sọ fún opó náà pé kó sá lọ, kò sì sọ pé kó gbàgbé gbèsè nítorí pé Ọlọ́run ti ṣe iṣẹ́ ìyanu. Ó ní kó ta òróró, kó san gbèsè ná. Oúnjẹ ló ṣìkejì. Àwa kan nínú wa, tí owó bá dé, aṣọ ẹbí la máa kọ́kọ́ rà. Mi ò ní dárúkọ. Mo ti jáwọ́.

Ohun kan ló kù nípa ìkòkò. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ìgbàgbọ́ obìnrin náà nìkan ló sọ bí òróró ṣe máa pọ̀ tó. Ní báyìí mo rí i pé iye ìkòkò tí àwọn aládùúgbò yá a ni. Ìgbà tí ìkòkò wọn tán ni òróró dá. Bíbélì kò kọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn. Ohun òfìfo lásán ni wọ́n fún un, wọn kò tiẹ̀ mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, torí pé ilẹ̀kùn ti tì. Síbẹ̀, bí wọn ò bá yá a, kí ló máa da òróró sí? Aládùúgbò yẹn ni ẹgbẹ́ yìí jẹ́ fún mi. Ìyẹn ni mo fẹ́ jẹ́ báyìí, ìgbà tí mo ti ṣe olówó tí kò dára.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ti mọ̀ nínú Ìwé Mímọ́, ẹ má fò ó. Ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ibi tó dùn nìkan. Ẹ fi ojú iṣẹ́ yín kà á: aláṣọ á rí ohun tí ẹlẹ́ja kò rí. Kí ẹ wá bi ara yín pé, nínú àwọn tó wà nínú ìtàn yìí, ta ni mí lónìí? Ẹ má tètè dáhùn pé ẹni rere ni yín. Ọ̀rọ̀ náà kò yí padà láti ọjọ́ yìí, àwa là ń yí ipò padà. Ọmọ àná ni opó òní, opó àná ló lè di olówó lọ́la.

Ọlọ́run tó ti ilẹ̀kùn fún opó yẹn, kó bo àṣírí gbogbo wa. Kò ní jẹ́ ká jẹ gbèsè tó máa kọjá agbára wa. Kò sì ní jẹ́ ká gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n bo tiwa. Ogún ọdún yìí kò ní jẹ́ àṣemọ wa.